“Ṣí Fóònù Ẹ!”: Ìjà Lórí Kọ́kọ́rọ́ Ẹ̀rọ Inú Àpò Wa

Bọ́ọ̀sì wa kò tíì jìnnà sí Ìbàdàn nígbà tí a bá igi gbọọrọ kan tó dábùú ọ̀nà. Ifẹ̀ là ń lọ. Ọ̀kan nínú àwọn agbófinró tó dúró sídìí igi náà na ọwọ́ sí dírẹ́bà pé kó pa mọ́tò. Kò bèèrè ìwé ọkọ̀. Ó yọjú wo ìjókòó ẹ̀yìn, ojú rẹ̀ sì ṣe kòńgẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó dirun, tó gbé báàgì láptọ́ọ̀pù lé itan.

“Ìwọ, sọ̀kalẹ̀. Fóònù ẹ dà? Ṣí i.”

Ọmọ náà ṣí i. Ìbọn wà lọ́rùn ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀, kò sì sí ẹnì kan nínú wa tó ní kó má ṣí i.

Ẹnu fèrèsé ni mo wà, mo ń wo àtàǹpàkò ọkùnrin náà. Obì ti pa á láró. Ó ń fa ojú fóònù náà sókè sódò bí ẹni tó ń ṣa ẹ̀wà: WhatsApp, àwòrán, àlẹ́ẹ̀tì báǹkì, ó tún padà sí WhatsApp. Ó dúró lórí àwòrán ìkómọ kan, ó bèèrè pé ọmọ ta ni. Ó rí ọ̀rọ̀ ìfẹ́ tí ọmọbìnrin kan fi ránṣẹ́, ó kà á sókè, bọ́ọ̀sì bú sẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, n kò ní purọ́. Lẹ́yìn náà ló kan èyí tí wọ́n kọ láti ilé ìwòsàn nípa àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìyá ọmọ náà. Ó ka ìyẹn náà sókè. Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu wa.

Owó dọ́là kan tó wọlé ló wá di ẹjọ́. Ọmọ náà ní iṣẹ́ àwòrán lòun ń ṣe fún àwọn oníbàárà lókè òkun, pé kí wọ́n jẹ́ kóun tan láptọ́ọ̀pù kí wọ́n rí i. Wọ́n ní ọmọ Yahoo ni. Ìyá àgbà kan tó jókòó níwájú bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ wọ́n: “Ẹ dákun, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ṣàánú ẹ̀. Ara ìyá ẹ̀ ò yá.” Inú fóònù yẹn náà ni ìyá àgbà ti ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ.

Ó tó ogójì ìṣẹ́jú kí wọ́n tó yanjú ẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn oní-POS kan tó wà nítòsí. Nígbà tí ọmọ náà padà wọlé, kò sọ iye tó san. Ó fi etí ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nu ojú fóònù náà, ó nù ún, ó tún un nù.

Ohun tí òfin sọ

Abala 37 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò gùn rárá. Ó fi ọmọ orílẹ̀-èdè lọ́kàn balẹ̀ lórí àṣírí rẹ̀: ilé rẹ̀, ìwé tó ń kọ sí èèyàn, ọ̀rọ̀ tó ń sọ lórí tẹlifóònù, àti tẹlígíráàmù tó bá tẹ̀. Tẹlígíráàmù ti di ìtàn. Mẹ́ta yòókù ti kó ara wọn sínú ohun tí kò tó wàláà ọmọ kéú, tí à ń gbé sùn, tí à ń gbé wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀.

Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ẹ̀rọ, ti ọdún 2015, kò sì pa agbófinró lẹ́nu mọ́. Abala 45 rẹ̀ sọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà: kí agbófinró lọ bá adájọ́, kí ó ṣàlàyé ohun tó ń wá, kí adájọ́ fún un ní ìwé àṣẹ. Ìwé àṣẹ yẹn lè gbà á láàyè láti yẹ kọ̀ǹpútà wò, kó tún tú ohun tí wọ́n bá fi pamọ́ síbẹ̀. Àwọn tó ṣòfin ọ̀hún mọ̀ dáadáa pé ẹ̀rọ lè tilẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n ní kí ó ṣí i ni ìwé.

Lọ́yà kan tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn sọ fún mi pé òun ti rí ìwé àṣẹ láti tú ilé, òun ti rí ti ọkọ̀, òun ti rí ti ọ́fíìsì. Ó ní òun kò tíì rí ẹni tí wọ́n fi ìwé àṣẹ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì kí wọ́n tó gba fóònù rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín nígbà tí mo bèèrè ìdí. “Adájọ́ wo ló ń jókòó sábẹ́ igi?”

Kì í ṣe pé àwọn ọ̀gá kò sọ̀rọ̀ rí. Ní ọjọ́ 4 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2020, Mohammed Adamu tó jẹ́ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà kìlọ̀ fún ikọ̀ ọlọ́pàá SARS àti àwọn ikọ̀ bíi tirẹ̀ pé kí wọ́n yéé tú fóònù àti láptọ́ọ̀pù àwọn èèyàn láìgbàṣẹ. Ìkìlọ̀ náà pẹ́ dé. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn rẹ̀, ọjọ́ 11, wọ́n tú SARS ká, nítorí àwọn ọ̀dọ́ ti gba ìgboro kan. Lílù àti ìpànìyàn ni gbogbo ayé gbọ́ nípa #EndSARS. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá jókòó ti àwọn tó jáde nígbà yẹn, “ṣí fóònù ẹ” ni ìtàn púpọ̀ nínú wọn fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹnà tó wà nínú ẹ̀rọ

Ẹni tó bá dàgbà láàárín ọmọ púpọ̀ mọ ẹnà. Dípò kí ọmọ kan sọ pé “mo fẹ́ lọ”, á ní “mogo fẹ́gẹ́ lọgọ”. Ẹnìkejì rẹ̀ á dá a lóhùn bẹ́ẹ̀, àgbàlagbà tó jókòó tì wọ́n á sì máa gbọ́ ariwo lásán. Ohun tí fóònù ń ṣe sí àwòrán àti ọ̀rọ̀ wa nìyẹn, àfi pé fóònù kọ̀ọ̀kan ní ẹnà tirẹ̀, kò sì sí fóònù kejì láyé tó gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká mú iPhone. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti jó nọ́ńbà kan mọ́ inú ọpọlọ ẹ̀rọ náà. Apple fúnra rẹ̀ kò kọ nọ́ńbà yẹn síbì kan. Bí o bá tẹ PIN rẹ, ẹ̀rọ náà á po PIN àti nọ́ńbà ọ̀hún pọ̀, inú àpòpọ̀ yẹn ni kọ́kọ́rọ́ ti ń jáde. Ẹni tó bá tú fóònù náà, tó yọ ibi tó ń kó nǹkan sí, tó gbé e sínú ẹ̀rọ mìíràn, pàǹtírí ni yóò bá níbẹ̀.

Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló rí látilẹ̀. Títí di ọdún 2014, bí kóòtù bá kọ̀wé sí Apple, Apple lè bá ọlọ́pàá yọ ọ̀pọ̀ nǹkan nínú fóònù tí a tì. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún yẹn ni wọ́n gbé iOS 8, ètò tuntun tó ń darí iPhone, jáde, wọ́n sì kéde pé àwọn kò ní lè ṣe é mọ́, bó ti wù kí ìwé náà dára tó. Android tẹ̀ lé wọn lọ́dún kejì, ó sọ ọ́ di dandan fún àwọn fóònù tuntun tó bá lágbára.

Ibi tó dùn jù nínú ọ̀rọ̀ náà rèé. PIN onínọ́ńbà mẹ́rin kò ju oríṣi 10,000 lọ. Apple ṣe é tó fi jẹ́ pé ìgbìdánwò kan ń gba nǹkan bí ìdá méjìlá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹ̀rọ tí kì í rẹ̀, tí kì í jẹun, á gbìyànjú gbogbo rẹ̀ tán láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Onínọ́ńbà mẹ́fà jẹ́ mílíọ̀nù kan. Kò ní gbà á ju ọjọ́ kan lọ. Kí ló wá ń dá a dúró? Sùúrù tí fóònù fi tipátipá kọ́ni ni. Bí o bá ṣì í tẹ̀ lẹ́ẹ̀mélòó kan, á ní kó o dúró ìṣẹ́jú kan, lẹ́yìn náà márùn-ún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wákàtí kan. Bí olówó rẹ̀ bá sì ti pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀, ní ẹ̀ẹ̀kẹwàá yóò nu gbogbo inú ara rẹ̀ nù.

Ìdúró yẹn gan-an ni ìjọba Amẹ́ríkà bá Apple fà ní ọdún 2016.

Fóònù kan ní San Bernardino

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 2015, tọkọtaya kan yìnbọn pa èèyàn 14 ní San Bernardino, ní ìpínlẹ̀ California. Ọlọ́pàá pa àwọn méjèèjì lọ́jọ́ náà. Wọ́n ti fọ́ fóònù tiwọn. Èyí tó kù ni iPhone 5C kan tí ibi iṣẹ́ ọkọ fún un, ìjọba ìbílẹ̀ ló ni ín, ó sì wà ní títì.

Ọjọ́ 16 oṣù Kejì ọdún 2016, adájọ́ Sheri Pym pàṣẹ pé kí Apple kọ ètò àkànṣe kan tí yóò mú ìdúró yẹn kúrò, tí kò ní jẹ́ kí fóònù nu ara rẹ̀, kí FBI lè máa gbìyànjú nọ́ńbà wọn lọ. Òfin tí wọ́n gùn lé ni ti ọdún 1789, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì tan gílóòbù iná. Tim Cook tó jẹ́ ọ̀gá Apple kọ lẹ́tà síta pé àwọn kò ṣe. Ó ní bí ètò bẹ́ẹ̀ bá ti wà láyé, kò sí ohun tó ní fóònù kan ṣoṣo ni wọn yóò fi ṣí.

Ìjà náà gbóná débi pé àwọn tí kò ní iPhone rí ń bá wọn dá sí i. Ó wá parí bí àlá. Ó ku ọ̀la kí wọ́n pàdé ní kóòtù, FBI ní ẹnìkan ti fi ọ̀nà mìíràn han àwọn. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta wọ́n ní àwọn ti ṣí i, kí kálukú máa lọ sílé. Ìròyìn tó jáde lẹ́yìn náà sọ pé kò sí ohun gidi kan níbẹ̀.

Nǹkan méjì nínú ìtàn yìí kì í jẹ́ kí n gba ọ̀rọ̀ àwọn tó ń ké pé “fóònù ló ń dí wa lọ́wọ́” gbọ́ pátápátá. Àkọ́kọ́ ni pé ìwọ̀nba ọjọ́ lẹ́yìn ìpànìyàn náà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ yí páàsìwọ́ọ̀dù iCloud fóònù yẹn padà, FBI ló ní kí wọ́n ṣe é. Bí wọ́n bá fi sílẹ̀, ó ṣeé ṣe kí fóònù náà fúnra rẹ̀ kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Apple, níbi tí Apple ti lè kà á. Kọ́kọ́rọ́ wà lára ilẹ̀kùn, ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi yọ ọ́. Èkejì ni èyí tí àwọn olùyẹ̀wò inú ilé iṣẹ́ ìdájọ́ Amẹ́ríkà kọ ní ọdún 2018: ẹ̀ka kan wà nínú FBI náà tó mọ oníṣẹ́ kan tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rí fóònù ọ̀hún ṣí tán, ṣùgbọ́n wọn kò tètè bi ẹ̀ka yẹn léèrè. Kóòtù ni wọ́n kọ́kọ́ sáré lọ.

Láti ìgbà yẹn, títà ẹ̀rọ tó ń ṣí fóònù ti di òwò ńlá. Cellebrite ti Ísírẹ́lì ń tà á fún ọlọ́pàá kárí ayé, àwọn Amẹ́ríkà náà ní èyí tí wọ́n ń pè ní GrayKey. Bí wọ́n bá rí ihò, Apple àti Google á dí i, wọ́n á tún wá òmíràn. Ní ìparí ọdún 2024, àwọn ọlọ́pàá kan ní Amẹ́ríkà ṣàkíyèsí pé iPhone tí àwọn kó pamọ́ ń pa ara wọn, wọ́n ń tan ara wọn. Apple ló ti fi í sínú iOS 18.1 pé fóònù tí a kò bá ṣí fún ọjọ́ mẹ́ta gbọ́dọ̀ tún ara rẹ̀ tàn, nítorí fóònù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn, tí ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ PIN rẹ̀, ló ṣòro jù láti fọ́.

Ọrùn olówó fóònù

Ní Amẹ́ríkà, fóònù ni wọ́n ń bá jà. Níbí, olówó fóònù ni.

Gbogbo ìmọ̀ tí wọ́n kó sínú ọpọlọ ẹ̀rọ kékeré yẹn kò ran ọmọ inú bọ́ọ̀sì wa lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ẹnà tó le jù láyé kò le ju ìgbátí méjì lọ. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í gbọ́ ọ dáadáa nígbà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ bá ń fọ́nnu fún wa nípa àgádágodo. Àgádágodo kò sọ pé kí wọ́n má lu ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin ló yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀, òfin sì wà. Ẹni tí yóò dúró tì í lójú títì ni kò sí.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì náà ń di ọrùn mú, ìwé ni wọ́n fi ń dì í. Òfin wọn ti ọdún 2000, èyí tí apá tó kan kọ́kọ́rọ́ nínú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2007, gbà wọ́n láàyè láti kọ̀wé sí ẹni tí wọ́n fura sí pé kó mú páàsìwọ́ọ̀dù wá. Bó bá kọ̀, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì ni. Bí ọ̀rọ̀ náà bá kan ààbò ìlú tàbí ìwà ìbàjẹ́ sí ọmọdé, ó lè di márùn-ún. Ó le, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n kọ̀wé sí mọ ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án, ó sì ráyè pe lọ́yà. Ní Amẹ́ríkà, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ ti dá a lẹ́jọ́ láti ọdún 2014, adájọ́ mẹ́sàn-án, ohùn kan, pé bí ọlọ́pàá bá tilẹ̀ mú èèyàn, kò gbọdọ̀ tú inú fóònù rẹ̀ láìgba ìwé àṣẹ.

Lọ́yà Ìbàdàn yẹn ní ohun kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ tó wà ní yunifásítì. Kì í ṣe pé kí wọ́n bá agbófinró ṣe agídí. “Ẹ̀mí ju fóònù lọ,” ó ní. Ó kàn ní kí wọ́n máa pa fóònù wọn pátápátá bí wọ́n bá rí igi lójú ọ̀nà lókèèrè. Fóònù tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn kò ní gba ìka ọwọ́ tàbí ojú, PIN nìkan ni yóò gbà, wọn kò sì ní lè kàn fi ìka ẹni tẹ̀ ẹ́.

Olè náà ń wá ilẹ̀kùn

Obìnrin kan tó ń ta aṣọ òkìrìkà sọ tirẹ̀ fún mi. Inú go-slow ni wọ́n ti já fóònù rẹ̀ gbà lójú fèrèsé dánfó, ní Òṣòdì. Fóònù náà wà ní títì, ó sì fi ìyẹn tu ara rẹ̀ nínú títí tó fi délé. Kò mọ̀ pé wọ́n ti yọ síìmù rẹ̀, wọ́n ti ki í bọ inú fóònù mìíràn, wọ́n sì ti tẹ nọ́ńbà báǹkì. Owó tó fẹ́ fi kó ọjà lọ́jọ́ Ajé ti lọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún un rí pé síìmù náà ní PIN tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ó ní wọn kò rí àwòrán òun, wọn kò sì rí ọ̀rọ̀ òun àti àwọn oníbàárà òun. Ọ̀gbẹ́ni kan tó ń tún fóònù ṣe ní Computer Village, n’Ìkẹjà, ní bẹ́ẹ̀ ló ṣe máa ń rí. Òun lè fi ẹ̀rọ fọ inú àwọn fóònù kan kí wọ́n di tuntun, ṣùgbọ́n ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ á ti bá omi lọ. Àwọn mìíràn tiẹ̀ wà tí wọ́n á ṣì máa bèèrè àkáǹtì ẹni tó kọ́kọ́ ni wọ́n lẹ́yìn tí o bá fọ̀ wọ́n tán. Òkúta ló ń pe irú wọn.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn fi ń bà mí lẹ́rù nìyí. Kò sí ọdún tí ìjọba kan kò ní bèèrè pé kí àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ dá kọ́kọ́rọ́ kan sí fún agbófinró nìkan. Amẹ́ríkà gbìyànjú rẹ̀ ní ọdún 1993 pẹ̀lú ohun tí wọ́n pè ní Clipper. Ọdún kejì ni Matt Blaze, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, fi ihò tó wà nínú rẹ̀ hàn, nǹkan náà sì kú. Ní ọdún 2024, àṣírí tú pé àwọn afọ́ẹ̀rọ láti Ṣáínà ti wọ inú àwọn ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ńlá Amẹ́ríkà, wọ́n sì dé ibi tí wọ́n dá sọ́tọ̀ fún gbígbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí kóòtù ní kí wọ́n máa gbọ́. Ilẹ̀kùn agbófinró ni wọ́n bá lẹ́nu ọ̀nà. Kí oṣù Kejìlá tó parí, àwọn aláṣẹ ààbò ní Amẹ́ríkà ti ń rọ àwọn ará ìlú pé kí wọ́n lo áàpù tó ń sọ ọ̀rọ̀ di ẹnà.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì kò fi ti Amẹ́ríkà kọ́gbọ́n. Ní oṣù Kìíní ọdún 2025 wọ́n fi ìwé ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ sí Apple pé kí wọ́n jẹ́ káwọn lè rí ohun tí àwọn èèyàn ń kó pamọ́ sí iCloud. Nígbà tó di oṣù Kejì, Apple yọ ààbò tó le jù lọ kúrò fún àwọn tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ẹbí wa tó wà ní Peckham, tí wọ́n ń kó àwòrán ìgbéyàwó àti ìsìnkú wa síbẹ̀, wà lára wọn.

Ohun tí ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ń wí

Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń gbé ní Abẹ́òkúta, kò fara mọ́ mi. Ó ní ó rọrùn fún ẹni tí wọn kò jí ọmọ rẹ̀ gbé láti máa sọ̀rọ̀ abala 37. Ó ní kí n lọ jókòó ti bàbá tó ń dúró kí àwọn ajínigbé pè é.

Mo bi í léèrè bí wọ́n ṣe ń rí irú àwọn bẹ́ẹ̀ mú nígbà tirẹ̀. Ó ronú díẹ̀. Ó ní àkọsílẹ̀ ta ló pe ta ni, ọ̀pá nẹ́tíwọ́ọ̀kì tí ìpè náà gbà kọjá ni, orúkọ tó wà lórí síìmù ni, olófòófó ni. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tó gba kí a fọ́ fóònù. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2020 ni ìjọba ti ní kí a so síìmù mọ́ NIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ wa. Ìlànà ọdún 2019 sì wà lórí fífetí kọ́ ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n fura sí: ìwé adájọ́ ni, bí ọ̀rọ̀ bá sì jẹ́ ti ẹ̀mí èèyàn, wọ́n lè bẹ̀rẹ̀ ná kí wọ́n tó wá adájọ́ lọ láàárín wákàtí 48.

Mo rán an létí ọmọbìnrin tó wọ bọ́ọ̀sì BRT ní Èkó ní oṣù Kejì ọdún 2022, tí kò délé mọ́. Ohùn tirẹ̀ tó fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp, àti fídíò tó fi nọ́ńbà bọ́ọ̀sì náà hàn, ni gbogbo ìlú fi mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. WhatsApp ń sọ ọ̀rọ̀ di ẹnà lójú ọ̀nà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ṣí ti ọwọ́ rẹ̀.

Ó gbà. Ṣùgbọ́n kò tẹ́ ẹ lọ́rùn, n kò sì lè bá a jiyàn dé òpin. Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ inú fóònù nìkan ni wọ́n wà. Ẹni tó ń ya àwòrán ọmọdé níhòòhò kì í fi í ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ tí yóò kó o fún ọlọ́pàá. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá di ẹnu pa lórí PIN rẹ̀, adájọ́ àti ìwé àṣẹ rẹ̀ á jọ dúró síta ni. Ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ náà wò mí, ó ní, “Ìyẹn ńkọ́?” N kò rí èsì fún un.

Fóònù inú àpótí aṣọ

Olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì wà ní Òṣogbo. Ọmọkùnrin rẹ̀ kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀. Wọ́n kó ẹrù rẹ̀ wá, fóònù náà wà níbẹ̀, kò tiẹ̀ fọ́. Àwòrán ìyá rẹ̀ ni ọmọ náà fi sójú rẹ̀, èyí tí wọ́n yà nígbà tí mama pé ọgọ́ta ọdún, gèlè aláró ló wé.

Ó ti gbìyànjú ọjọ́ ìbí ọmọ náà. Ó gbìyànjú tirẹ̀. Ó gbìyànjú nọ́ńbà ilé wọn, àti ọdún tí baba rẹ̀ kú. Fóònù náà ń ní kó dúró, lẹ́yìn náà ó ní kó dúró pẹ́ sí i. Ọmọ aládùúgbò kan wá dẹ́rù bà á pé bó bá ń tẹ̀ ẹ́ lọ bẹ́ẹ̀, gbogbo ohun tó wà níbẹ̀ lè pa rẹ́. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fọwọ́ kan PIN mọ́. Atúnfóònùṣe kan ní òun lè ṣí i kí ó di lílò, kìkì pé yóò ṣófo. Mama bi í pé kí lòun fẹ́ fi fóònù ṣe.

Gbogbo ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń yọ ọ́ nínú àpótí aṣọ kó lè gba iná. Ó ní òun kì í fẹ́ kó kú.

Mo bi í bóyá ì bá wù ú kí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ní kọ́kọ́rọ́ kan lọ́wọ́, kí wọ́n lè bá irú rẹ̀ ṣí i. Ó ní ó wu òun gan-an. Ó wo àwòrán ara rẹ̀ lójú fóònù náà fún ìgbà díẹ̀.

“Àbí nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò fẹ́ kí n rí?”

Ó ki ṣájà bọ̀ ọ́ nídìí, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Bíbélì, ó sì bèèrè bóyá mo ti jẹun.